Ta Ló Wá Jẹ Ilé Wa?

Àwòrán náà rẹwà, n kò ní purọ́. Pupa, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ aró, gbogbo rẹ̀ ń rìn kiri lára ògiri yàrá tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Àjàṣẹ́, bí aṣọ tí wọ́n sá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ṣírò bí yanrìn etíkun Kútọnu ṣe rìn fún ọgbọ̀n ọdún, gbogbo rẹ̀ sì kọjá lójú wa láàárín ìṣẹ́jú kan. Mẹ́tàlá nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mẹ́rìnlá ti yọ fóònù, wọ́n ń ya fídíò rẹ̀. Èmi náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo kó ọwọ́ lẹ́yìn bí bàbá ìyàwó.

Ọmọkùnrin kan tó jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé ni kò yọ fóònù. Ó nawọ́ sókè.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èbúté Kútọnu dà nínú àwòrán yìí?"

Mo fi igi tọ́ka sí i. Èbúté nìyí, odi òkúta tó nawọ́ sínú òkun nìyí.

"Ọwọ́ ọ̀tún wa ni ìlà oòrùn, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ìlà oòrùn èbúté ni ilé bàbá mi wà tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó, ibẹ̀ gan-an ni yanrìn ń kóra jọ sí nínú àwòrán yín, etíkun ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló wá jẹ ilé wa?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n lọ jẹun.

Kí wọ́n tó padà dé, mo ti rí i. Àmì ìyọkúrò kan ni mo gbàgbé. Sọ́fítíwíà tí mo lò ń fẹ́ mọ iye tí ìgbì fi yà kúrò lára ìlà tó dojú kọ etíkun gangan. Bó bá yà sí ọwọ́ kan, a ó fi àmì ìyọkúrò ṣáájú, bó bá yà sí ọwọ́ kejì, a kò ní fi nǹkan kan. Ogún dìgírì ni mo kọ, ìyọkúrò ogún ló yẹ kí n kọ. Òkun ò yí padà, ìgbì ò yí padà, ṣùgbọ́n gbogbo yanrìn Benin ti dorí kọ Tógò.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tó bá ní òun kì í ṣi irú àmì bẹ́ẹ̀ kọ, iṣẹ́ náà ò tíì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Sọ́fítíwíà kan ń ka ìgbì láti ibi tó ti ń bọ̀, òmíràn ń kà á sí ibi tó ń lọ. Ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ láti àríwá, òmíràn láti ìlà oòrùn. Kì í ṣe àṣìṣe náà ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé mo ti rìn létí òkun yẹn kọjá kíkà, mo ti rí ilé tí òkun pín sí méjì, tí yàrá kan ṣì dúró tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn rẹ̀. Síbẹ̀, àwòrán tó ní òkun ń fún àwọn ará ibẹ̀ ní ilẹ̀ kún ilẹ̀ kọjá níwájú mi, n kò rí i. Àwọ̀ ló tàn mí.

Kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí fún ẹni tí kò gbé apá ọ̀dọ̀ wa. Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò sí létí òkun. Àwọn Potogí ló fún un ní Porto-Novo, àwọn Ègùn ń pè é ní Xọ̀gbónú, àwa ń pè é ní Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀sà ni wọ́n wà létí rẹ̀. Kí o tó rí òkun, o ní láti sọdá sí Sẹ̀mẹ̀. Etíkun tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gún régé láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Ìgbì tó ń bá a, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀, láti inú ìjì tó ń jà ní apá gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ó sì ń dé láti gúúsù tó yà díẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Kì í fi orí kan ilẹ̀ gangan, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gun etíkun. Bó bá gùn ún tán, omi á ṣàn padà tààrà. Yanrìn tó gbé lọ́wọ́ ti sún ìṣísẹ̀ kan sí ìlà oòrùn nìyẹn. Ìgbì kan kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn, tọ̀sán-tòru, láìsí ọjọ́ ìsinmi. Àwọn tó ti ṣírò rẹ̀ ní láti ìdajì mílíọ̀nù dé mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ kúbíìkì mítà yanrìn ló ń kọjá lọ́dún. Bí típà kan bá ń kó mẹ́wàá, èyí tó kéré jù níbẹ̀ á gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta típà.

Kí èbúté tó dé, wófù onírin, bí afárá tó wọ inú òkun, ni ọkọ̀ òkun ń lò ní Kútọnu. Ẹsẹ̀ ló fi dúró, yanrìn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí ọmọdé tó ń gba abẹ́ tábìlì. Ní 1965 ni èbúté tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, odi òkúta rẹ̀ sì dábùú ọ̀nà yanrìn. Apá ìwọ̀ oòrùn sanra, apá ìlà oòrùn ń rù. Ìgbì ò mọ̀ pé ẹrù kò dé mọ́, ó ṣì ń kó ti ibẹ̀ lọ bó ṣe ń kó o. Wọ́n fi odi kúkurú kan sí Siafato, ní ìlà oòrùn èbúté, láti gba ojú ibẹ̀ là, ìjẹ náà sún síwájú. Ní ọdún àìpẹ́ yìí wọ́n ti to òmíràn sí i, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Ká má sì gbàgbé àwọn odò. Ní 1965 kan náà ni wọ́n parí dáàmù Akosombo lórí odò Volta ní Gánà, Nangbéto lórí odò Mono tẹ̀ lé e ní 1987. Odò tó yẹ kó máa kó yanrìn wá fún òkun, a ti sé e mọ́ òkè.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán àwọn ẹnjiníà sí mi, kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòṣe, ìyẹn ni ká ṣírò bí òkun àti yanrìn á ṣe rìn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ní pẹ̀lú wọn. Àwọn kan ti ibi iṣẹ́ ojú ọ̀nà wá, àwọn kan ti ilé-iṣẹ́ tó ń yàwòrán ilẹ̀, ọ̀kan tàbí méjì máa ń ti Lomé wá. Kọ́ǹkéré kò ṣàjèèjì sí wọn, ìṣirò ò sì jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni, "Ọ̀gá, ọjọ́ wo la máa ṣí Delft3D?" Sọ́fítíwíà tó ń ṣírò ìrìn omi àti yanrìn ni. Ẹlòmíràn á ní TELEMAC, irú rẹ̀ mìíràn, lòun fẹ́, nítorí Faransé ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó tíì bi mí pé ọjọ́ wo la máa lọ wo òkun.

Kí ọmọkùnrin yẹn tó bi mí léèrè ilé bàbá rẹ̀, ọjọ́ kìíní ni mo máa ń ṣí sọ́fítíwíà. Ní báyìí, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ọsàn la ń lò.

Ọjà Wáńdò ni mo ti ń rà á. Nígbà àkọ́kọ́, mo bá ìyá ọlọ́sàn kan, mo ní ẹ fún mi ní mẹ́fà, ẹ má bó o.

"Ẹ ò ní mu ún ni?"

"Rárá, ìyá. Inú òkun la fẹ́ jù ú sí."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó dá méjì padà nínú èyí tó ti kó sínú àpò, ó fi méjì tó pọ́n rokoṣo rọ́pò wọn. "Bó bá jẹ́ ti Olókun ni, ẹ má fi èyí tó ní ọgbẹ́ fún un."

N kò já a nírọ́. Owó ọsàn rẹ̀ kò wọ́n.

Ọsàn kì í rì, kì í sì í léfòó tó bí afẹ́fẹ́ á fi máa gbé e sá. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló máa ń wà nínú omi, nítorí náà, ibi tí omi bá ń lọ ló ń lọ. A óò jù ú sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ẹnì kan á mú aago, ẹnì kan á máa bá a rìn létí omi, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan a óò wọn ibi tó dé. Ní ọdún tó kọjá, ọsàn àkọ́kọ́ rin mítà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí ìlà oòrùn. Èkejì rin mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀kẹta padà wá bá wa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó dúró lẹ́sẹ̀ ẹni tó jù ú. A ò rí ẹ̀kẹrin mọ́.

"Ọ̀gá, èwo ni ká kọ sílẹ̀?"

Mo ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó sọnù.

Àwọn apẹja wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń fa àwọ̀n ńlá wá sí ilẹ̀, bí ogún ènìyàn lórí okùn kọ̀ọ̀kan, tọkùnrin tobìnrin. Bàbá kan tó jẹ́ olórí wọn kò gbọ́ Yorùbá, Ègùn ló ń sọ, ọ̀kan nínú wa sì ń túmọ̀. A bi í bóyá omi máa ń gbé nǹkan lọ sí apá kan. Ó kọ́kọ́ wò wá bí ẹni tí wọ́n bi bóyá òòrùn máa ń yọ. Ó wá tọ́ka sí igi àgbọn kan lọ́hùn-ún, ní ìwọ̀ oòrùn. Ibẹ̀ ni àwọn ti ju àwọ̀n láàárọ̀. Ó ní àwọn kì í kó ẹja níbi tí àwọn ti ju àwọ̀n. Bí àwọn ṣe ń fà á ni àwọn náà ń sún, àfi bí ọjọ́ kan bá ya wèrè. Ẹni tó ń túmọ̀ fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà nínú iṣẹ́ èbúté. Ó yí sí mi, ó ní, "Ìyẹn ni pé gbogbo àwọn tó wà níbí ló mọ̀ pé àwòrán tí ẹ sọ pé ẹ yà yẹn kò tọ̀nà."

Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wọn.

Ọjọ́ kejì, igi méjì ló kàn. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Emery ló kọ ọ̀nà náà jáde ní 1961, n kò sì tíì rí èyí tó rọrùn jù ú lọ láti fi mọ bí etíkun ṣe ń lọ sílẹ̀ sínú omi. Igi méjì tó dọ́gba, tí a ti fi sẹ́ńtímítà sí lára, ẹni méjì á gbé wọn ró ní ìwọ̀n mítà mélòó kan síra wọn. Ẹnì kan á wo ibi tí òkun ti pàdé ojú ọ̀run lókèèrè, yóò fi ojú mú ìlà yẹn bá orí igi kan dọ́gba, yóò sì ka iye tí igi kejì fi ga tàbí fi lọ sílẹ̀ sí i. Kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sún síwájú. Wọ́n máa ń ráhùn gan-an. Ẹni tó ní ẹ̀rọ olówó ńlá ní ọ́fíìsì á ní, "Igi méjì, ọ̀gá?" Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbì bá gbá a lórúnkún lórí òkè yanrìn tó dá bí orí òrùlé, kò tún ní bi mí ìdí tí omi fi ń sáré tó bẹ́ẹ̀ gun ilẹ̀ wa.

Yanrìn náà ńkọ́? Ẹ mú un sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ rọ ọ́. Ó rí bíi gàrí tí wọn kò kù dáadáa. Ní Grand-Popo, ní apá ìwọ̀ oòrùn etíkun wa, níbi tí àwọn onímọ̀ ti wá wọ̀n ọ́n ní 2014, hóró rẹ̀ tó nǹkan bí 0.6 mílímítà. Sọ́fítíwíà kan wà tí a ń pè ní XBeach. Bí o kò bá sọ ìwọ̀n yanrìn rẹ fún un, yóò gbà pé 0.2 ni. Àwọn tó ṣe é kò ṣẹ̀. Irú yanrìn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Họ́láǹdì nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fi owó tó tó owó ṣe fún etíkun wa, tí yanrìn Họ́láǹdì ń ṣàn nínú rẹ̀ láti ojú ewé kìíní dé òpin, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè.

Ọjọ́ kẹta jẹ́ ti bírò àti ìwé. Àwọn ẹnjiníà iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní ìlànà ìṣirò kan tí gbogbo wa ń lò, tó wà nínú ìwé wọn tó jáde ní 1984, láti fi ìgbì mọ iye yanrìn tó ń rìn. Ibi tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ni pé bí yanrìn ṣe ń pọ̀ kò tẹ̀ lé gíga ìgbì bẹ́ẹ̀ lásán. Agbára méjì àti ààbọ̀ gíga náà ló tẹ̀ lé, ìyẹn ni pé bí gíga bá kún díẹ̀, yanrìn á kún púpọ̀. Mo ní kí ẹni méjì dúró sójú kan náà, kí wọ́n fi ojú wọn díwọ̀n ìgbì. Ọ̀kan ní mítà 1.2, èkejì ní 1.5. Ọgbọ̀n sẹ́ńtímítà ló wà láàárín wọn, kò ju rúlà ọmọ iléèwé lọ. Wọ́n ṣe ìṣirò, wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní ẹ̀rọ ìṣirò ti bàjẹ́. Yanrìn ẹnì kejì fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ju ti ẹnì kìíní lọ. Mo ní ẹ̀rọ kò bàjẹ́, rúlà yín ni. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lóye ìdí tí ìṣirò àwọn ọ̀mọ̀wé fi jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀, láti ìdajì mílíọ̀nù dé mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀.

Kọ̀ǹpútà wá dé ní ọjọ́ kẹrin. Nǹkan tí a kọ́kọ́ ń ṣe kò ju ìwé ìṣirò alápòótí lásán, bíi Excel, lọ. Ẹnjiníà Faransé kan, Pelnard-Considère, fi hàn ní 1956 pé etíkun tí a fi odi dábùú máa ń yí padà bí ooru ṣe ń rìn nínú irin. Yanrìn á kún sí ẹ̀yìn odi, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pẹ́ ló ń falẹ̀. Bó bá gba ọdún kan kí etíkun tó sún dé ibì kan, ọdún mẹ́rin ló máa gbà kó tó sún dé ìlọ́po méjì ibẹ̀. Iye tó kún níhìn-ín ló ń dín lọ́hùn-ún, bí òjìji. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìyẹn, o kò lè fi àwòrán aláwọ̀ mèremère tàn án jẹ mọ́ nípa èbúté.

Lẹ́yìn náà la tó ń ju àwọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò lè rí òkun lápapọ̀, à ń fi àwọ̀n bò ó, ó ń ṣírò omi nínú ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí ojú àwọ̀n bá fẹ̀ jù, odi èbúté á bọ́ gba àárín rẹ̀ bí ẹja wẹ́wẹ́. Bí o bá dín ojú náà kù sí ìdajì, iye wọn á di ìlọ́po mẹ́rin, ìṣísẹ̀ àsìkò náà, ìyẹn àkókò kékeré tó wà láàárín ìṣirò kan àti èkejì, á sì kúrú sí ìdajì, nítorí ìgbì kò gbọdọ̀ fo ojú kan kọjá nínú ìṣísẹ̀ kan. Iṣẹ́ á wá di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹni tó ń retí wákàtí méjì tẹ́lẹ̀ á sùn mọ́ ọn. Iná á lọ ní aago mẹ́ta òru. Gbogbo wa la mọ bí ìtàn yẹn ṣe máa ń parí.

Ìgbì tí a ń fi bọ́ àwòṣe náà, láti ojú òfuurufú àti ìṣirò àwọn ará Yúróòpù ló ti ń wá. ERA5 ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ojú àwọ̀n ìgbì rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí ogójì kìlómítà. Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu kò ju bí ọgbọ̀n lọ. Ojú àwọ̀n kan ṣoṣo lè gbé ìlú méjèèjì mì. Ohun tó máa ń ká mi lára nìyí. Ìgbì tí àwa fúnra wa wọ̀n létí òkun wa, fún ogún ọdún láìdá dúró, n kò ní irú rẹ̀ láti gbé fún akẹ́kọ̀ọ́ mi. Owó tó ń wọlé sórí òkúta pọ̀, owó tó ń wọlé sórí ìwọ̀n kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún ló sì wà níta báyìí tó jẹ́ pé bọ́tìnì ni wọ́n ń kọ́ ènìyàn, ká fi ìwé-ẹ̀rí dí ẹnu rẹ̀, ó parí. N kò bá wọn jà. Wọ́n ń jẹun, èmi náà ń jẹun.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, mo máa ń fún wọn ní ìdánwò kan. Fáìlì àwòṣe kan ni, tó ń ṣiṣẹ́ láìní wàhálà, tó ń mú àwòrán tó dáa jáde. Mo ti fi àṣìṣe kan pamọ́ sínú rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta, ẹ wá a.

Ní ọdún yìí, aago ni mo lò. Aago Benin fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich. Mo fi aago ilé kọ kíkún àti fífà òkun, mo wá fi ti Greenwich kọ ìgbì. Mẹ́jọ nínú wọn rí i kí wákàtí kejì tó pé, inú mi dùn.

Ọmọbìnrin kan láti Kétu, tó sọ fún wa ní ọjọ́ kìíní pé òun ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kí òun tó fojú rí òkun, gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sídìí tábìlì mi.

"Ọ̀gá, mo ti rí ti aago. Èkejì ńkọ́, ṣé kí n kọ òun náà?"

"Èkejì wo?"

Ó fà á tóbi. Ó fi ìka tọ́ ìlà etíkun láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. "Ẹ wò ó, ọ̀gá. Níbi tí omi ti pàdé ilẹ̀, àtẹ̀gùn kan wà níbẹ̀. Gbogbo etíkun pátá ló ní i. A rìn níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ò rí àtẹ̀gùn kankan. Jíjìn omi, inú ìwé àwọn awakọ̀ òkun ni wọ́n ti mú un, ibi tí òkun máa ń fà dé jù lọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Gíga ilẹ̀, ìwọ̀n àárín láàárín kíkún àti fífà òkun ni wọ́n ti kà á. Wọ́n wá so méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé òdo kan náà ni wọ́n ní. Ó tó nǹkan bí mítà kan."

N kò fi ìyẹn síbẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń pín fáìlì náà.

Ó ṣì dúró, ó ń retí kí n sọ fún un bóyá ó gbà á. Mo fa àga kan sún mọ́ tèmi, mo ní kó jókòó, kó fi ibi tó ti kọ́kọ́ rí i hàn mí.